Bọ́ọ̀lù ìpadàsẹ́yìn: bí a ṣe ń tú ẹ̀yìn tó dì pa

Bí ẹgbẹ́ kan bá kó èèyàn mẹ́wàá jọ síwájú ilé góòlù rẹ̀, ariwo táwọn òǹwòran máa ń pa ni pé kí wọ́n sáà ta bọ́ọ̀lù wọlé. Wíńgà, ìyẹn agbábọ́ọ̀lù ẹ̀gbẹ́ iwájú, á gbọ́, á gbé e sókè láti òkèèrè, adẹ́yìnmú gíga á fi orí kàn án jáde, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Kọ́rọ́ọ̀sì gíga wúlò o, tí ẹ bá ní atamátàsé tó mọ orí í kàn. Àmọ́ bọ́ọ̀lù tó wà lókè máa ń pẹ́ kó tó balẹ̀, gbogbo ẹ̀yìn ń wò ó bọ̀, aṣọ́lé sì lè hán an. Èyí tó ń da àwọn adẹ́yìnmú láàmú jù ni bọ́ọ̀lù ìpadàsẹ́yìn, ìyẹn bọ́ọ̀lù ilẹ̀ tí wọ́n gbá padà sẹ́yìn láti etí ìlà ìpẹ̀kun, ìlà tí ilé góòlù dúró lé.

Ìdí ni pé, tí bọ́ọ̀lù bá ti dé etí ìlà yẹn, ojú àwọn adẹ́yìnmú ti kọ sí ilé góòlù tiwọn bí wọ́n ṣe ń sáré. Wọn ò lè máa wo bọ́ọ̀lù kí wọ́n tún rí ẹni tó wà lẹ́yìn wọn. Ẹni tó bá ṣèèṣì ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ lè gbá a sínú àwọ̀n ara rẹ̀. Aṣọ́lé náà ti rọ̀ mọ́ òpó tó sún mọ́ bọ́ọ̀lù, ó sì ti fi èyí tó pọ̀ jù nínú mítà 7.32 tí ilé góòlù fẹ̀ sílẹ̀. Ọfúsáìdì ò tún sí níbẹ̀: òfin ò lè mú ẹni tó wà lẹ́yìn bọ́ọ̀lù nígbà tí wọ́n gbá a sí i, ì báà jẹ́ aṣọ́lé nìkan ló kù níwájú rẹ̀.

Bí a ṣe ń dé etí ìlà ni iṣẹ́ àkọ́kọ́, èèyàn méjì ló sì ń ṣe é. Wíńgà á gba bọ́ọ̀lù nítòsí ìlà ẹ̀gbẹ́, á kọjú síwájú, á wá máa wa bọ́ọ̀lù lọ sí igun étíìn (àpótí ńlá tó wà níwájú ilé góòlù), kí adẹ́yìnmú ẹ̀gbẹ́ ti ọ̀tá lè tẹ̀ lé e wọnú. Adẹ́yìnmú ẹ̀gbẹ́ tiwa á wá gba ẹ̀yìn rẹ̀ yọ lọ́wọ́ òde. Ibi tó ti ń bàjẹ́ jù ni pé ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn yìí máa ń tètè sáré. Bó bá ti kọjá kí wíńgà tó fa ọ̀tá wọnú, ẹnì kan ṣoṣo lè dúró láàárín kó sì ṣọ́ àwọn méjèèjì. Kí ó ní sùúrù títí adẹ́yìnmú yẹn á fi gbé ẹsẹ̀ sí ọ̀nà inú, ìgbà yẹn gan-an ni kó bẹ́ lọ. Kí ó fi bíi mítà 3 tàbí 4 jìnnà sí wíńgà, kí wọ́n má baà dí ara wọn lọ́nà.

Nínú étíìn, gbogbo èèyàn ò gbọdọ̀ rọ́ lọ síbì kan náà. Ẹni àkọ́kọ́ á fi eré sá lọ sí òpó tó sún mọ́ bọ́ọ̀lù. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti fa adẹ́yìnmú dání, góòlù kì í sábà jẹ́ tirẹ̀. Wíńgà òdìkejì á lọ sí òpó kejì. Ẹnì kan á dúró létí étíìn, níbi mítà 16.5 sí ìlà ìpẹ̀kun. Adẹ́yìnmú àárín méjèèjì àti agbábọ́ọ̀lù àárín kan á wà lẹ́yìn, torí tí wọ́n bá gé bọ́ọ̀lù náà, ìkọlù wọn ò ní falẹ̀.

Ẹni tó ṣòro jù láti kọ́ ni ẹni tí yóò wà níbi pénáltì, torí pé ńṣe ló gbọdọ̀ dúró nígbà tí gbogbo ayé ń sáré. Ẹ fara balẹ̀ wo atamátàsé tó mọṣẹ́: á sáré bí ẹni fẹ́ wọ inú àwọ̀n, á ṣàdédé tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, á fà sẹ́yìn ìgbésẹ̀ méjì. Eré ti gbé ẹni tó ń ṣọ́ ọ lọ. Bọ́ọ̀lù á wá bá a lóun nìkan.

Pásì náà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Kí wíńgà ti gbójú sókè kó tó dé etí ìlà, kì í ṣe ìgbà tó bá débẹ̀ tán. Inú ẹsẹ̀ ni kó fi gbá a, kó lẹ̀ mọ́lẹ̀, kó sì le tó tí ẹnikẹ́ni ò fi ní já a gbà lọ́nà. Lórí pápá eléruku tí bọ́ọ̀lù ti ń ta, kí ó gbá a sí ẹsẹ̀ ẹni gan-an, kó má gbá a síbi tó ṣófo. Ẹni tó gbà á kò gbọdọ̀ dá a dúró. Aṣọ́lé ń kánjú padà bọ̀ sáàárín. Ibi tó ń kúrò níbẹ̀ ni kí ẹ gbá a sí, kì í ṣe ibi tó ń lọ.

Góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà jẹ nínú Ife Àgbáyé, ní Dallas, ọjọ́ 21 oṣù kẹfà ọdún 1994, jẹ́ ìbátan èyí. Ohun tí gbogbo èèyàn rántí ni Rashidi Yekini tó di àwọ̀n mú tó ń ké. Àmọ́ ẹ wo ohun tó ṣáájú: Finidi George gbá bọ́ọ̀lù ilẹ̀ gba iwájú ilé góòlù Bulgaria láti apá ọ̀tún, Yekini kàn tì í wọlé ni. Bọ́ọ̀lù yẹn ò padà sẹ́yìn gan-an, ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan náà ni.

Fún ìgbáradì, ẹ lo ìlàjì pápá, agbábọ́ọ̀lù 6 sí adẹ́yìnmú 4 pẹ̀lú aṣọ́lé. Ẹ fi kóònù ya mítà 5 sọ́tọ̀ létí ìlà ìpẹ̀kun. Góòlù tí kò bá ti ibẹ̀ wá ò ní kà. Ìṣẹ́jú 15 tó, kí ẹ máa pààrọ̀ ọ̀tún àti òsì. Fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, pásì tó dé ẹsẹ̀ ẹlẹgbẹ́ ni kí ẹ máa kà, ẹ fi góòlù sílẹ̀ ná. Àwọn ọmọ tó ti gbá mọ́ńkípóòsì dáadáa máa ń tètè mọ̀ ọ́n, torí ilé góòlù kékeré ti kọ́ wọn pé kí wọ́n gbé bọ́ọ̀lù sún mọ́lé kí wọ́n tó ta á.

Ọ̀tá tó gbọ́n á fi agbábọ́ọ̀lù àárín kan ṣọ́ ibi pénáltì lẹ́yìn ìgbà méjì tí ẹ bá ti ṣe é. Nígbà náà, ẹni tó wà létí étíìn ló ṣí sílẹ̀. Kí ó gbá a lójú ẹsẹ̀, nílẹ̀, torí èrò tó wà níwájú aṣọ́lé ò ní jẹ́ kó tètè rí i.