Durée: Àkókò tí Aago Kò Lè Kà

Ju kóró ṣúgà kan sínú ife omi. Bó ti wù kí o kánjú tó, àfi kí o dúró títí yóò fi yọ́. Àpẹẹrẹ yìí wà nínú L'Évolution créatrice, ìwé tí Henri Bergson, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò ọmọ ilẹ̀ Faransé, tẹ̀ jáde lọ́dún 1907. Oníṣirò lè kọ iye ìṣẹ́jú tí ṣúgà náà yóò gbà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdúró yẹn ńkọ́? Ọ̀fun tó ń gbẹ, ojú tí a kò gbé kúrò lára ife, ta ni yóò fi nọ́ńbà kọ ìyẹn? Òun ni Bergson pè ní durée: àkókò bí a ṣe ń gbé e nínú ara wa.

Aago ń gé àkókò bí ẹni ń gé iṣu, gbogbo ègé dọ́gba, ọ̀kan jókòó ti èkejì. Bergson ní ohun tí a bá tò báyìí ti kúrò ní àkókò. Ó ti di ilẹ̀ tí a ń fi okùn wọ̀n. Nínú wa, àná kò kúrò nílẹ̀ kí òní tó dé. Ó wọ inú òní lọ, ó sì yí i padà. Olórin tó ń tẹ píánò ni bàbá Bergson, bóyá ìdí nìyẹn tó fi máa ń fi orin ṣàpèjúwe: ohùn tó kọjá ṣì wà létí wa nígbà tí èyí tó tẹ̀ lé e wọlé. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, a ò ní gbọ́ orin rárá.

Párísì ni wọ́n ti bí i ní 1859. Júù ni bàbá àti ìyá rẹ̀, bàbá wá láti Pólàǹdì, ìyá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó mọ ìṣirò débi pé ó gba ẹ̀bùn àkọ́kọ́ nínú ìdíje àwọn ilé ẹ̀kọ́ ní 1877. Nígbà tó ń ṣe olùkọ́ ní Clermont-Ferrand, ọ̀rọ̀ Zeno, ará Gíríìsì àtijọ́, gbà á lọ́kàn. Zeno ní Achilles asáré kò lè bá ahun láéláé, torí kó tó dé ibi tí ahun wà, ahun á ti sún síwájú díẹ̀. Bergson rí ibi tí àṣìṣe wà: ilẹ̀ tí wọ́n rìn ni Zeno ń pín, ó ṣèbí ìrìn ni òun ń pín. Odidi ni ìṣísẹ̀. Bí o bá dá a dúró láàárín, ìrìn mìíràn lo ṣe yẹn.

Ó kọ èyí sínú ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1889. Láti 1900 ló ti ń kọ́ni ní Collège de France, ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Párísì, èrò sì ń wọ́ tọ̀ ọ́ lọ. Ìjọ Àgùdà fòfin de ìwé rẹ̀ ní 1914. Ó gba ẹ̀bùn Nobel ti lítíréṣọ̀ fún 1927.

Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹrin 1922, òun àti Einstein, onímọ̀ físíìsì, pàdé ní Párísì, wọ́n sì jiyàn lórí àkókò. Einstein ní kò sí àkókò kankan tó jẹ́ ti àwọn onímọ̀ èrò. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé Bergson fìdí rẹmi, nítorí kò lóye gbogbo ìṣirò Einstein bó ti yẹ. Òótọ́ ni apá kan ìyẹn. Síbẹ̀, lójú tèmi, Einstein kò dáhùn ìbéèrè rẹ̀: kí ló mú kí ènìyàn bìkítà fún ohun tí aago sọ?

Bergson kú ní oṣù kìíní 1941, nígbà tí Párísì wà lọ́wọ́ àwọn ará Jámánì. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti sọdá òkun ní tirẹ̀. Léopold Sédar Senghor, ààrẹ àkọ́kọ́ ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gà, ka 1889 sí ọdún ìyípadà ńlá, torí Bergson ti fi hàn pé làákàyè tó ń gé nǹkan wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ nìkan kọ́ ni ọ̀nà ìmọ̀. Ìyẹn dùn mọ́ mi nínú. Ṣùgbọ́n nígbà tí Senghor wá ní ìmọ̀lára jẹ́ ti aláwọ̀ dúdú, làákàyè jẹ́ ti ará Gíríìsì, mi ò bá a lọ mọ́. Ọ̀bẹ tí Bergson gbà lọ́wọ́ Zeno ló tún mú yẹn, ó fi ń gé ènìyàn.