Ìtọpasẹ̀ Ikú Ọmọdé Kì í Ṣe Àyẹ̀wò Òkú

Ní ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára kan, ní ilé ìtọ́jú alábọ́dé kan ní agbègbè Mushin, òṣìṣẹ́ kan dìde láàárín àwọn ìyá tó gbọ́mọ dání, ó sì kéde pé wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ “àyẹ̀wò òkú ọmọdé” ní àdúgbò. Ìyá kan ká káàdì ọmọ rẹ̀ mọ́ inú ìró, ó dìde, àwọn mẹ́ta mìíràn sì tẹ̀ lé e jáde kí gbólóhùn kejì tó parí. Ta ni kò ní sá? Ohun tí etí wọn gbọ́ ni pé wọn yóò la òkú ọmọ. Ohun tí òṣìṣẹ́ náà sì fẹ́ sọ kò ju pé, bí ọmọdé bá kú, àwọn kan yóò jókòó wo ọ̀nà tí ikú náà gbà wọlé, kí ó má baà tún gba ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ọmọ ẹlòmíràn. Iṣẹ́ yìí ni mo ń pè ní ìtọpasẹ̀ ikú ọmọdé.

Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti òṣìṣẹ́ yẹn nìkan. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ló mú “autopsy”, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún líla òkú, tí wọ́n fi ń pe ìbéèrè ẹnu lásán tí wọ́n ń lọ bi àwọn òbí nílé. Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni àwọn olùwádìí gbé padà ní 2019 lọ sí àwọn ilé tí ìwádìí ìlera Nàìjíríà ti 2018 ti gbọ́ pé ọmọ kú, wọn kò sì fọwọ́ kan òkú kankan.

“Ọ́díìtì ikú” tí àwọn kan ń sọ ní ọsibítù tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Èkó yìí, bí ọ́díítọ̀ bá ti wọ ọ́fíìsì, owó ló sọnù, ẹnìkan ni wọ́n sì ń wá láti dì mú, nítorí náà nọ́ọ̀sì tó bá gbọ́ ọ yóò wá ibi tọ́jú fáìlì sí. Bẹ́ẹ̀ òfin àkọ́kọ́ iṣẹ́ yìí ni pé a kì í dárúkọ òṣìṣẹ́ ní ìjókòó náà, a kì í sì í dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. “Ìwádìí” ti di ti ọlọ́pàá, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kan tí wọ́n ń ṣe ògbufọ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n di “àtúnyẹ̀wò” mú gírígírí. Mo ní, ẹ̀gbọ́n, àtúnyẹ̀wò ni àwọn ọmọ ilé ìwé ń ṣe kí wọ́n tó wọ ìdánwò: ohun tí wọ́n ti mọ̀ ni wọ́n ń tún wò, àwa kò sì tíì mọ ohun tó pa ọmọ. Wọ́n ní ọdẹ ló ń tọpasẹ̀. Mo ní ó dára bẹ́ẹ̀, ọdẹ ń wo ilẹ̀.

Ẹni tó bá ti gbé ilé onípáànù rí nígbà òjò oṣù keje ti mọ iṣẹ́ yìí tán. Omi ń kán sórí ibùsùn. Ẹ gbé abọ́ sí i, ẹ sún ibùsùn, kò dẹ́kun. Nígbà tí káfíńtà bá gun òkè àjà, yóò rí i pé kò sí ihò lókè ibùsùn rárá: ìdí ìṣó kan tó ti dípẹtà lẹ́bàá ògiri ni omi gbà wọlé, tó sì tẹ̀ lé igi òrùlé wálẹ̀ kó tó kán. Orí ibùsùn ọsibítù ni ikú ọmọ ti ń kán. “Òtútù àyà” ni fáìlì kọ, kò sì purọ́. Ṣùgbọ́n ẹ tọ omi náà padà: ọjọ́ mẹ́ta ni ìyá fi ń ra oògùn ibà ní kẹ́míìsì, tí ẹnikẹ́ni kò ká ẹ̀wù ọmọ sókè wo bí ìhà rẹ̀ ṣe ń wọnú nígbà tó bá ń mí, ọkọ̀ há sínú gó-sló, sílíńdà ọ́síjìn wà ní wọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n sípánà tí wọ́n fi ń ṣí i wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n tì pa, ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ sì ti lọ sílé. Ìjókòó kan kò lè mú gó-sló Èkó kúrò. Kí a fi okùn so sípánà mọ́ ọrùn sílíńdà kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún.

Kì í ṣe àròsọ pé ọ̀nà yìí ń ṣiṣẹ́. Ní 2008, ní Nàìjíríà níbí, àwọn dókítà rí i pé ọmọdé tí kò lè tọ̀ mọ́ ń pọ̀ jù. “Kíndìnrín kò ṣiṣẹ́” ni ìdí ikú, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bi àwọn òbí léèrè ohun tí ọmọ mu, oògùn eyín kan náà ni ọ̀rọ̀ ń já sí. Wọ́n bá diethylene glycol, májèlé gidi, nínú rẹ̀, wọ́n sì kó o kúrò lọ́jà. Ọmọ 84 ni ìjọba kéde pé ó kú. Èyí tí ì bá tẹ̀ lé wọn ni ẹnikẹ́ni kò lè kà. Los Angeles ní Amẹ́ríkà ti ní ìgbìmọ̀ tó ń jókòó tọpasẹ̀ ikú ọmọdé láti 1978, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì sọ ọ́ di dandan ní 2008.

Ní tiwa, nínú 1,000 ọmọ tí a bí láàyè, 132 ni kò pé ọdún márùn-ún nígbà ìwádìí 2018. Ó di 110 nínú ti 2023 sí 2024. Ṣùgbọ́n àwọn tí kò pé oṣù kan kúrò ní 39, wọ́n di 41. Ihò ti àwọn wọ̀nyí kò sí níbi tí a ti ń lẹ páànù.

A máa ń sọ fún ìyá tó ṣọ̀fọ̀ pé omi ló dànù, agbè kò fọ́. Ìtùnú rere ni, n kò ní kí ẹnikẹ́ni yé sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń tọpasẹ̀ gbọ́dọ̀ béèrè, pẹ̀lú sùúrù àti lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ohun tó da omi náà.

Ó ku ìlàjì kejì iṣẹ́ náà, àtúnṣe tó ń tẹ̀ lé ìtọpasẹ̀, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní “response”, èyí tí àwọn kan tún túmọ̀ sí “ìdáhùn”, bí ẹni pé ikú bi wá ní ìbéèrè. “Ìdíhò” ni mo pè é. Ẹ̀gbọ́n mi ní kò bójú mu nínú ìwé ìjọba. Ó lè má bójú mu, ṣùgbọ́n bí ìgbìmọ̀ bá padà jókòó ní oṣù tó tẹ̀ lé e, kí wọ́n tó ṣí fáìlì tuntun kankan, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: ṣé wọ́n ti so sípánà náà?