SIGMET Ò Jáde, Ìyẹn Ò Fi Hàn Pé Ojú Ọjọ́ Dára

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Bí bàálù bá ti pẹ́ díẹ̀ ní Ìkẹjà báyìí, tí ilé-iṣẹ́ tó ni ín sì ní ojú ọjọ́ ló fà á, ẹnì kan á fa fóònù yọ: "Mo ti wò ó, kò sí SIGMET kankan. Irọ́ ni wọ́n ń pa fún wa." Àwọn tó jókòó tì í á sì máa mi orí.

Ìkìlọ̀ ojú ọjọ́ eléwu ni SIGMET, àwọn awakọ̀ òfuurufú ni wọ́n sì ń kọ ọ́ fún. Ní Nàìjíríà, NiMet, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ojú ọjọ́, ló ń gbé e jáde fún agbègbè òfuurufú tí wọ́n ń pè ní Kano FIR. Pé ìjì ààrá lè da bàálù nù, mi ò rò pé ó yẹ kí n máa ṣàlàyé ìyẹn fún àgbàlagbà.

Ibi tó ti wọ́ nìyí: kì í ṣe gbogbo ìjì ààrá ni SIGMET ń kà. Ó ń ka èyí tó fara pa mọ́ sínú ìkúukùu mìíràn (EMBD TS), èyí tí eruku tàbí òkùnkùn bò lójú (OBSC TS), èyí tó tò lọ gbọọrọ (SQL TS), àti èyí tó ṣù pọ̀ débi pé ó gba ju ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún agbègbè náà lọ (FRQ TS). Ìjì kan ṣoṣo tó dá dúró, tí awakọ̀ lè fojú rí kó sì yà fún, kò sí níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà. Ìjì yẹn lè dúró sórí pápákọ̀ gan-an, kó máa sán ààrá, kí atẹ́gùn rẹ̀ já wálẹ̀ kó sì fọ́n ká bí omi tí wọ́n dà sórí sìmẹ́ńtì, síbẹ̀ kí SIGMET má jáde. Kò sẹ́ni tó gbàgbé o. Ìrìnàjò lókè ni SIGMET wà fún; pápákọ̀ ní METAR (ìròyìn bí ojú ọjọ́ ṣe rí níbẹ̀), TAF (àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ ibẹ̀) àti ìkìlọ̀ wind shear (atẹ́gùn tó yí padà lójijì) tirẹ̀, èyí tí ọ̀gá fóònù wa kì í ṣí.

"Ṣebí táwà, àwọn tó ń darí bàálù láti ilẹ̀, ò ní jẹ́ kó gbéra tó bá léwu?" Ẹn-ẹ́n. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹwàá ọdún 2006, bàálù ilé-iṣẹ́ ADC Airlines gbéra ní Abuja nínú ojú ọjọ́ tí wọ́n ti mọ̀ pé kò dára. Kò pẹ́ tó fi já. Ènìyàn 96 nínú 105 tó wà nínú rẹ̀ ló kú, Maccido, Sultan Sókótó, wà lára wọn. Ìpinnu awakọ̀ láti gbéra wà lára ohun tí àwọn olùwádìí dá lẹ́bi. Táwà lè sọ bí ojú ọjọ́ ṣe rí; ọwọ́ awakọ̀ ni ìpinnu wà.

Mi ò ní kò sí ilé-iṣẹ́ tó ń fi ojú ọjọ́ bojú o. Ó ṣeé ṣe kó wà dáadáa. SIGMET nìkan ni mi ò rò pé a lè fi mú wọn. Ẹ sì ṣọ́ra fún àwòrán SIGMET tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp: ti ìjì ààrá kì í wúlò ju wákàtí 4 lọ, bẹ́ẹ̀ MOV W (ó ń lọ sí ìwọ̀-oòrùn) ló sábà máa ń wà nínú tiwa, torí ìlà-oòrùn ni ìjì wa ti ń wá. Èyí tí wọ́n fi hàn yín láàárọ̀ lè ti kọjá sí Kútọnu.