Eré Lẹ́yìn Òpin Ayé: Kí Ni Ìtumọ̀ Rẹ̀?

Ní ọ̀sán Sátidé kan, èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta jókòó sẹ́yìn ìsọ̀ àǹtí mi ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta. Àdìrẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú aró ń kán tótó lórí okùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Àǹtí yọjú, wọ́n rí dáìsì, bébà àti bírò lórí bẹ́ǹṣì, àmọ́ wọn ò rí pátákó lúdò.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé kì í ṣe tẹ́tẹ́ lẹ ń ta níbí?"

"Rárá o, mà. Eré ni. Ayé ti bàjẹ́ nínú ẹ̀, àwa tó ṣẹ́ kù là ń wá ohun tá a máa jẹ."

"Ayé bàjẹ́? Ṣé ẹ ò rí nǹkan mìíràn fi ṣeré ni?"

Ìbéèrè yẹn tọ́ sí ìdáhùn tó ju èyí tí mo fún wọn lọ́jọ́ náà lọ.

Irú eré yìí ni àwọn òyìnbó ń pè ní tabletop RPG (role-playing game), ìyẹn eré orí tábìlì tí kálukú ti ń ṣe bí ẹlòmíràn. Kò nílò tẹlifíṣọ̀n, kò nílò kọ̀ǹpútà. Ẹnì kan ni adarí, òun ló ń sọ bí ibi tá a wà ṣe rí àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Olúkúlùkù àwọn tó kù yóò sọ ara rẹ̀ di ẹnì kan nínú ìtàn náà: nọ́ọ̀sì, mẹkáníìkì, ọdẹ. Ó jọ àlọ́, àmọ́ àlọ́ tí ẹni tó ń gbọ́ ọ lè dá apàlọ́ dúró pé, "Èmi ò ní gba ọ̀nà yẹn o, orí igi ni mo máa gùn." Tí ohun tó fẹ́ ṣe bá le, dáìsì ló máa sọ bóyá yóò bọ́ sí i. Dungeons & Dragons, tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1974, ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ fún títà. Idà, oṣó àti ihò ilẹ̀ ló kún inú rẹ̀.

Èyí tá à ń ṣe ní Ìtòkú ni wọ́n ń fi post-apocalyptic júwe. "Post" ni "lẹ́yìn". "Apocalypse" ló gba àlàyé. Èdè Gíríìkì ló ti wá, ohun tó sì túmọ̀ sí níbẹ̀ ni kéèyàn ká aṣọ kúrò lórí ohun tó fara sin. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá mọ èyí dáadáa, ìdí nìyẹn tí ìwé tó kẹ́yìn nínú rẹ̀ fi ń jẹ́ Ìfihàn. Torí pé ogun, ìyàn àti àjàkálẹ̀ àrùn kún inú ìwé náà ni ọ̀rọ̀ yìí ṣe di òpin ayé lẹ́nu àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Lójú tèmi, ìtumọ̀ tiwa ló bá eré yìí mu jù. Nígbà tá a bá fi máa jókòó, òpin ti dé, ó ti kọjá. Ohun tó kù láti rí ni irú ẹni tí kálukú jẹ́ nígbà tí kò sí ọjà, kò sí ọlọ́pàá, tí omi inú kèrègbè kan ṣoṣo sì jẹ́ ti èèyàn mẹ́fà.

Kò yẹ kó ṣàjèjì sí ọmọ Ẹ̀gbá rárá. Ogun ló tú àwọn baba ńlá wa ká, tí ìlú wọn ń jóná lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tó kóra jọ sábẹ́ Olúmọ ní nǹkan bí ọdún 1830, tí Ṣódẹkẹ́ sì ṣíwájú wọn. Wọ́n gbé orúkọ ìlú tó ti parun náà dání. Ẹni tó bá ń lọ láti Aké sí Kémta tàbí Ìjẹmọ̀ lónìí, orúkọ ìlú tó ti wà ṣáájú Abẹ́òkúta ló ń pè fún ọlọ́kadà.

Ìtàn eré náà wá ńkọ́? Lọ́dún 1976, James M. Ward gbé Metamorphosis Alpha jáde. Inú ọkọ̀ òfuurufú ńlá kan ló ti ń ṣẹlẹ̀: àjálù ti pa ọ̀pọ̀ èrò inú rẹ̀, àwọn àtọmọdọ́mọ àwọn tó kù ò sì mọ̀ pé inú ọkọ̀ làwọn wà. Ní 1978, òun àti Gary Jaquet ṣe Gamma World, tó gbé irú ìbàjẹ́ bẹ́ẹ̀ wá sórí ilẹ̀ ayé. Àkókò yẹn ni Amẹ́ríkà àti Soviet ń na bọ́ǹbù átọ́míìkì síra wọn, ẹ̀rù náà sì wọ inú eré.

Ohun kan wà nínú Gamma World tí mo fẹ́ràn gan-an. Ẹni tí o jẹ́ kò mọ ìbọn, kò mọ tọ́ọ̀ṣì. Tó bá he ẹ̀rọ ayé àtijọ́, ojú ìwé kan wà tí wọ́n ya ọ̀nà sí, dáìsì ni yóò sì máa darí rẹ̀ láti ibì kan dé ibì kejì. Tó bá dé òpin ọ̀nà náà, ó ti mọ ìlò rẹ̀. Tó bá ṣi ọ̀nà, nǹkan náà lè ṣe é léṣe. Ẹ wo bí ìmọ̀ tó sọnù ṣe di ohun tí à ń fọwọ́ tọ́ lórí bébà.

The Morrow Project tẹ̀ lé e ní 1980: wọ́n fi yìnyín gbé àwọn èèyàn pa mọ́ kí wọ́n lè jí tún ayé ṣe lẹ́yìn ogun, wọ́n sì pẹ́ jí fún nǹkan bí 150 ọdún. Aftermath! jáde ní 1981, òfin inú rẹ̀ pọ̀ débi tó ń rẹ èèyàn.

Twilight: 2000 ti 1984 ló sún mọ́ wa jù. Ọmọ ogun Amẹ́ríkà lẹ jẹ́, wọ́n ti fọ́n yín ká nítòsí Kalisz ní Póláǹdì, kò sí ẹni tó ń bọ̀ wá gbà yín. Epo bẹntiróòlù ti di góòlù. Ẹ gbọ́dọ̀ dúró sójú kan fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, kí ẹ máa se ọtí líle bí àwọn tó ń se ògógóró ṣe ń ṣe é, kí ẹ lè rí nǹkan bù sínú ọkọ̀. Ẹni tó bá ti sùn sórí ìlà epo rí kò nílò kí wọ́n ṣàlàyé òfin yẹn fún un.

Ní 1991, Soviet tú ká, ogun Amẹ́ríkà àti Soviet tí eré náà ń retí ò sì wá. Fallout, eré kọ̀ǹpútà tó jáde ní 1997, ló gba ojú ọ̀pọ̀ èèyàn. Òfin eré orí tábìlì tó ń jẹ́ GURPS ni àwọn tó ṣe é kọ́kọ́ fẹ́ lò kí àdéhùn tó bàjẹ́.

Vincent Baker àti Meguey Baker ló yí nǹkan padà pẹ̀lú Apocalypse World ní 2010. Dáìsì méjì lo máa jù, wàá fi nọ́ńbà tìẹ kún un. Tó bá pé 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó bọ́ sí i. Tó bá jẹ́ 6 sísàlẹ̀, adarí ló máa sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Adarí fúnra rẹ̀ kì í ju dáìsì. Àmọ́ láàárín 7 sí 9, wàá sábà rí ohun tó o fẹ́, wàá sì sanwó rẹ̀. Ibẹ̀ ni adùn wà. Ọ̀pọ̀ eré mìíràn ló ti mú ìlànà yìí lò. Mutant: Year Zero tí àwọn ará Sweden ṣe ní 2014 gba ibòmíràn: ìlú kan lẹ jọ ń kọ́, ẹ ó sì máa yàn bóyá oúnjẹ, àṣà, ẹ̀rọ tàbí ogun lẹ fẹ́ kọ́kọ́ gbé ró.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì nínú eré ju 8. Èmi ni adarí, mo ní ó ti rí kànga lábẹ́ àpáta, omi rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n àwọn ajínigbé ti ń bọ̀ lẹ́yìn, èèyàn méjì péré ló sì lè kó wọ abẹ́ àpáta náà nínú mẹ́rin tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó dáhùn. Ó wá mú àwọn ọmọdé méjèèjì.

Àǹtí ti gbé àpótí wá, wọ́n ti jókòó. Aró ṣì wà lọ́wọ́ wọn.

"Àwọn méjì tó kù ńkọ́? Ta ni wọ́n?"

"Ìyá àgbà kan àti ọmọkùnrin tẹ́sẹ̀ ń dùn, mà."

"Ẹ ò lè fi wọ́n síta bẹ́ẹ̀ yẹn. Ẹ gbé dáìsì yẹn wá."