Eegun Ti So, Ẹsẹ̀ Kò Tíì Padà

Ọ̀rọ̀ tí mo máa ń gbọ́ jù lẹ́nu àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ mi ní Kétu ni pé: "Dókítà ní eegun ti so. Kí ló wá dé tí mi ò lè rìn?" Iṣẹ́ kiné ni mò ń ṣe, ìyẹn fífi ìdárayá ran ẹni tó fara pa lọ́wọ́ kí ara rẹ̀ lè padà ṣiṣẹ́. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń wá lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tú pílátà, ìyẹn ohun líle tí wọ́n fi ń di ibi tí eegun ti ṣẹ́, alùpùpù ló sì ṣe ọ̀pọ̀ wọn léṣe. Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni pé eegun ni rádíò, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, ń yà. Kì í ya okun inú iṣan, kì í sì í ya ẹ̀rù.

Eegun ojúgun tó ṣẹ́ sábà máa ń gba oṣù 3 sí 4, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó tó so. Ti itan lè tó oṣù 6. Ní gbogbo ìgbà yẹn, ẹran ẹsẹ̀ ń rù. Ọ̀sẹ̀ 2 péré tí ẹsẹ̀ bá fi wà lójú kan, ẹ ó ti rí i pé ó kéré sí èkejì, ìgbà tó sì máa fi padà máa ń ju ìgbà tó fi lọ. Ẹ jẹ ẹ̀wà, ẹ jẹ ẹyin, ẹ jẹ wàrà tí àwọn ìyá Fúlàní ń tà. Ẹ̀kọ nìkan kò lè kọ́ iṣan. Ẹni tó ń mu sìgá, mo bẹ̀ ọ́, jáwọ́, torí sìgá kì í jẹ́ kí eegun tètè so.

Ìyá kan tó ń ta àgbàdo wá bá mi. Dókítà ti ní kó máa fi kìlò 20 tẹ ilẹ̀. Ta ló mọ bí kìlò 20 ṣe ń rí lábẹ́ ẹsẹ̀? Ẹ̀rù bà á, ó sì fi oṣù kan gbé ẹsẹ̀ náà kọ́ pátápátá. Mo ní kí wọ́n gbé ìwọ̀n wá. Ẹsẹ̀ tó dáa wà lórí pákó tó ga tó ìwọ̀n náà, èyí tó ń sàn wà lórí ìwọ̀n, ọ̀pá wà lábẹ́ abíyá méjèèjì, ó wá ń rọra tẹ̀ ẹ́ títí ó fi ka 20. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá nírọ̀lẹ́. Kò pẹ́ tí ẹsẹ̀ fi mọ̀ ọ́n láìwo ìwọ̀n.

Tó bá ku ọ̀pá kan, ọwọ́ òdì-kejì ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ni kó wà. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe é sódì. Lórí àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ tó dáa ló ń ṣáájú bí ẹ bá ń gòkè. Bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, ọ̀pá àti ẹsẹ̀ tó ń dùn ni kó ṣáájú.

Èyí tó ń dun àwọn èèyàn wa jù ni ìkúnlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀. Mo ti rí obìnrin tó ń sá fún ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀ torí kò lè kúnlẹ̀ kí àwọn àna. Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó dúró kí yín, ẹ sì sọ ọ́ síta kí ará ilé gbọ́. Ẹni tí wọ́n bá ki irin bọ eegun ojúgun rẹ̀ láti ibi eékún, eékún náà lè máa dùn ún tó bá kúnlẹ̀, kódà lẹ́yìn tí eegun ti so. Ìyẹn nìkan kò sọ pé eegun ti tún ṣẹ́. Orí ibùsùn ni kó ti bẹ̀rẹ̀, kó tó dé orí ẹní tí a ká po.

Òrí tí a fi rọra pa ara kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi tipátipá fa ìgbọ̀nwọ́ tó ti gan, torí ó lè mú kí eegun hù sínú ẹran.

Ìrora tó wá nígbà ìdárayá tó sì lọ kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ má bẹ̀rù rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá ṣì ń ro jù tàná lọ láàárọ̀, tó tún wú sí i, ẹ dín in kù. Ṣùgbọ́n bí iṣan ẹ̀yìn ojúgun bá ṣàdéédéé wú, tó gbóná, tó ń dùn, ẹ lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Bí èémí bá ń há pẹ̀lú rẹ̀, ẹ má dúró ìṣẹ́jú kan.

Ní ti alùpùpù, ẹ kọ́kọ́ jókòó lórí èyí tí a kò tan. Lọ́jọ́ mìíràn, kí ẹni tí ẹ fọkàn tán gbé yín dé ìkángun àdúgbò. Tí àlá ìjàǹbá náà kò bá jẹ́ kí ẹ sùn fún ohun tó ju oṣù kan lọ, ẹ sọ fún dókítà, àìsàn tó ní ìtọ́jú ni.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wà lọ́dọ̀ mi báyìí. Irin tí wọ́n ń dè mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ wúwo, ó sì ń bi mí nígbà gbogbo pé ọjọ́ wo ni òun máa tún dè é. Mo ní lọ́jọ́ tó bá lè fi ẹsẹ̀ tó ṣẹ́ yẹn nìkan dìde lórí ọmọ ìka nígbà 20 láìdi ohunkóhun mú. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó ka 14.