Báwo ni ilẹ̀ oko ṣe kan ìlera ẹni tí ó ń jẹ iṣu?

Ìbéèrè: Ọ̀nà àgbẹ̀ tí wọ́n ní ó ń sọ ilẹ̀ jí, tí wọ́n ń pè ní regenerative agriculture lédè Gẹ̀ẹ́sì, ṣé kì í ṣe ohun tí àwọn bàbá wa ti ń ṣe ní Èkìtì ni?

Ìdáhùn: Púpọ̀ nínú rẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe. Bí àgbẹ̀ bá gbin iṣu, tí ó fi àgbàdo àti ẹ̀gúsí sáàárín rẹ̀, tí ó sì wá fi ẹ̀gẹ́ kádìí rẹ̀, yóò fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ títí yóò fi di igbó, kí ewé tí ó ń rẹ̀ lè dá ọ̀rá padà sí i. Ènìyàn ti wá pọ̀, ilé ti gba oko, ilẹ̀ kò sì rí ìsinmi tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ohun tí Robert Rodale, ará Amẹ́ríkà tí ó tan orúkọ ọ̀nà yìí kálẹ̀ ní àwọn ọdún 1980, àti àwọn tí ó tẹ̀lé e ń wá ni bí ilẹ̀ yóò ṣe máa jèrè ìsinmi nígbà tí irè ṣì wà lórí rẹ̀.

Ìbéèrè: Iṣu ni mo ń jẹ, n kò jẹ ilẹ̀. Kí ló wá kàn mí?

Ìdáhùn: Nínú ilẹ̀ tí ó wà láàyè, àwọn olú kan wà tí òwú wọn tẹ́ẹ́rẹ́ ju irun lọ, tí wọ́n ń so mọ́ gbòǹgbò iṣu, àgbàdo àti pàápàá ẹ̀gẹ́. Wọ́n ń dé ibi tí gbòǹgbò kò lè dé, wọ́n ń bá a wá zinc àti phosphorus, àwọn èròjà inú ilẹ̀ tí irúgbìn nílò, gbòǹgbò náà á sì fún wọn ní ṣúgà. Zinc yìí náà ni ara ọmọdé fi ń dàgbà, tí ó sì fi ń bá àìsàn jà. Bí a bá ń tú ilẹ̀ lọ́dọọdún láìsinmi, òwú náà á já. Èmi kò sọ pé iṣu láti ilẹ̀ ọlọ́ràá nìkan lè dènà àìsàn. Oúnjẹ oríṣiríṣi ló ṣe pàtàkì jù, oko tí ó ní erèé, òtílí àti ẹ̀fọ́ ni ó sì ń gbé e wá sínú abọ́.

Ìbéèrè: Oògùn apakoríko ńkọ́?

Ìdáhùn: Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí gan-an. Paraquat, ọ̀kan nínú àwọn oògùn apakoríko, kò ní aporó bí ó bá wọ ikùn ènìyàn. Ìdí nìyẹn tí inú mi fi dùn nígbà tí NAFDAC, àjọ ìjọba tí ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, fòfin de kíkó o wọlé láti oṣù kìíní ọdún 2024. Ilẹ̀ wa sì jẹ́ ilẹ̀ olókè: bí òjò bá bá ilẹ̀ ní ìhòòhò lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, yóò gbá iyẹ̀pẹ̀ àti oògùn tí ó lẹ̀ mọ́ ọn lọ sínú odò tí àwọn kan ń pọn mu.

Ìbéèrè: Kí ni ẹni tí oko rẹ̀ kò ju éékà kan lọ lè fi bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Kí ó má sun pòròpórò àgbàdo, kí ó tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀, kí ó sì gbin òtílí. Lẹ́yìn òjò, ẹ rọra fa òtílí kan tu, ẹ ó rí kókó róbótó-róbótó lára gbòǹgbò rẹ̀. Ẹ fi èékánná la ọ̀kan: bí inú rẹ̀ bá pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó ń gba nitrogen inú afẹ́fẹ́ fún òtílí náà, ilẹ̀ yóò sì jẹ nínú rẹ̀ nígbà tí ewé àti gbòǹgbò bá jẹrà. Kò ní yá bí àpò ajílẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọdún mélòó kan, kí ó da ife omi kan síbẹ̀, kí ó da òmíràn sí ilẹ̀ tí wọ́n ń sun koríko rẹ̀ lọ́dọọdún, kí ó sì wo èyí tí yóò tètè mu ún.