Taipuráítà àtijọ́ tí wọ́n ní àwọn ti "tún ṣe": bí ẹ ṣe máa mọ ohun tí owó yín ń rà

Tí ẹni tó ń ta taipuráítà àtijọ́ bá sọ pé "a ti tún un ṣe", ẹ bi í pé kí ló tún ṣe níbẹ̀. Ó lè jẹ́ pé wọ́n kàn nù ún, wọ́n wá kùn ún lọ́dà tuntun. Ó lè jẹ́ pé wọ́n fọ ojú ẹ̀, wọ́n ra ríbọ̀n sí i, ó sì ń tẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé ripẹ́rà tó mọṣẹ́ tú u, ó fọ gbogbo irin inú ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tò ó padà, ó mú lẹ́tà ńlá àti lẹ́tà kékeré dúró sórí ìlà kan náà, ó wá wá nǹkan ṣe sí rọ́bà rólà ẹ̀. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n ń pè ní "tún ṣe", mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì ń dán nínú fọ́tò, àmọ́ ẹ̀kẹta nìkan ló yẹ kéèyàn sanwó gidi lé lórí. Ẹni tó bá mọ bí ẹ̀rọ yìí ṣe ń ṣiṣẹ́ máa mọ èyí tó wà níwájú òun láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Èyí tí à ń sọ ni kékeré tó ní àpótí tó lọ́wọ́, tí èèyàn lè gbé dání bí báàgì, kì í ṣe ńlá inú ọ́fíìsì tó jẹ́ pé ẹni méjì ló ń gbé e. Èyí tí orúkọ ẹ̀ máa ń kọ́kọ́ wá sẹ́nu ni Olivetti Lettera 22 tó jáde ní Ítálì lọ́dún 1950. Marcello Nizzoli ló ya bó ṣe rí, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ Compasso d'Oro lọ́dún 1954. Lettera 32 tẹ̀ lé e lọ́dún 1963. Hermes Baby ti Switzerland ti wà látọdún 1935, ó sì fúyẹ́ gan-an. Hermes 3000 wá lọ́dún 1958, Olympia SM ti Jámánì wúwo díẹ̀ àmọ́ irin ẹ̀ dúró dáadáa, Imperial Good Companion sì ń ti Leicester ní ìlú Òyìnbó wá. Orúkọ nìkan ò tó o. Olympia tí wọ́n tọ́jú dáa ju Lettera tó ti jẹ ọ̀rinrin ọdún ogún lọ.

Ẹ jẹ́ ká mú bọ́tìnì kan ṣoṣo, ká ní lẹ́tà "a". Tí ìka bá tẹ̀ ẹ́, irin tó wà lábẹ́ ẹ̀ á fa òmíràn, ìyẹn náà á fa òmíràn, apá irin tín-ín-rín kan á wá fò sókè láàárín àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀. Orí apá irin yẹn ni wọ́n gbẹ́ "a" àti "A" sí, lódìlódì bíi ti stáǹpù. Kó tó kan pépà, ríbọ̀n á ti fò gòkè wá dúró láàárín, irin á gbá ríbọ̀n mọ́ pépà, rólà tó wà lẹ́yìn pépà á gba ìgbáni yẹn mọ́ra, ríbọ̀n á tún bọ́ sílẹ̀ kí ojú lè rí lẹ́tà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, ó ti parí.

Lẹ́ẹ̀kan náà ni apá òkè tó gbé rólà, tí wọ́n ń pè ní kárééjì, á sún sósì ní ẹsẹ̀ kan péré. Sípíríǹgì kan tí wọ́n ká sínú agolo kékeré ló ń fà á, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ ló so wọ́n pọ̀. Tó bá jẹ́ ti sípíríǹgì yẹn nìkan ni, kárééjì á já lọ gbàrà títí dé ìparí, àmọ́ irin eléyín kan wà tó ń dì í mú, eyín kan ṣoṣo ló ń jẹ́ kó kọjá fún bọ́tìnì kan. Ohùn "tá" kékeré tẹ́ ẹ ń gbọ́ mọ́ ìró lẹ́tà, eyín yẹn ni. Tó bá ku díẹ̀ kí ìlà tán, agogo á dún, ọwọ́ á wá ti kárééjì padà sọ́tùn-ún, ìtì yẹn ló ń yí pépà bọ́ sí ìlà tó kàn, òun náà ló sì ń ká sípíríǹgì padà. Ìdí nìyẹn tí kò fi nílò iná NEPA, kò nílò jẹnẹrétọ̀, kò nílò bátìrì. Apá ẹni tó ń tẹ̀wé ló ń fún un lágbára, ìlà kan sí ìkejì.

Ẹ fi ibi sípíríǹgì yẹn sọ́kàn, torí ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ra nǹkan tó bàjẹ́. Ìbẹ̀rẹ̀ ìlà ni sípíríǹgì ti máa ń le jù, ìparí ìlà ló ti ń rọ̀ jù, nítorí ó ti tú lọ síbẹ̀. Ẹ̀rọ tó rẹ̀ máa tẹ orúkọ yín dáadáa lápá òsì pépà, tẹ́ ẹ bá dúró síbẹ̀ ẹ máa ní kò sí wàhálà, àfi ìgbà tẹ́ ẹ bá délé tẹ́ ẹ wá tẹ ìlà kan dópin lẹ máa rí i pé àwọn lẹ́tà ti ń gun ara wọn lórí. Torí náà, ìlà gbáko ni kẹ́ ẹ tẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ títí agogo á fi dún, kẹ́ ẹ sì kọjá agogo.

Ẹ mú pépà tiyín dání lọ, kì í ṣe nǹkan ìtìjú. Ìlà àkọ́kọ́, ẹ tẹ "n" nìkan, nnnnnnnn títí dópin, àyè tó wà láàárín wọn gbọ́dọ̀ dọ́gba, tí méjì bá wọnú ara wọn tàbí tí àyè ṣófo níbi tí ẹ ò ti tẹ space bar, irin eléyín yẹn dọ̀tí ni tàbí sípíríǹgì ti rẹ̀. Ìlà kejì, ẹ tẹ HnHnHnHn. Ẹsẹ̀ H àti ẹsẹ̀ n gbọ́dọ̀ dúró sórí ilẹ̀ kan náà. Tí H bá léfòó tàbí tó rì, kò tíì sí ripẹ́rà tó mọṣẹ́ lórí ẹ̀ nìyẹn, torí àwọn súkúrúù kékeré tí wọ́n fi ń tún un ṣe wà níbẹ̀, ẹni tó bá tú u lóòótọ́ ò ní fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìlà kẹta ni "the quick brown fox jumps over the lazy dog", gbogbo ẹni tó ti lọ kọ́ táípìǹgì rí mọ̀ ọ́n sórí, gbogbo lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì 26 ló wà nínú ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo bọ́tìnì ìpadàsẹ́yìn, májìnì méjèèjì, táàbù tó bá ní, àti ríbọ̀n bóyá ó ń yí bẹ́ ẹ ṣe ń tẹ̀.

Tó bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ti rí i, tí ẹni tó ń tà á wà ní Àjáh, tí ẹ̀yin wà ní Àgégé, ẹ ní kó ṣe fídíò tí kò já, kó tẹ ọjọ́ òní àti orúkọ yín sórí ìlà kan dópin, kó ti kárééjì padà, kó sì sún fóònù mọ́ pépà náà. Ẹni tí ọjà ẹ̀ dáa ò ní bínú.

Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì ló yẹ ká dúró lé lórí jù. Ibi tí gbogbo apá irin lẹ́tà ti pàdé, irin kan wà níbẹ̀ tó rí bí òòyà tó tẹ̀ kọrọdọ, apá irin kọ̀ọ̀kan ní ojú tiẹ̀ tó ń gbà kọjá nínú ẹ̀. Ojú yẹn há gan-an. Tí eruku ọdún púpọ̀ bá pàdé ọ́ìlì àtijọ́ níbẹ̀, ó máa ń di nǹkan dúdú tó ń lẹ̀ bíi gọ́ọ̀mù, lẹ́tà á gòkè, kò ní lè bọ́ sílẹ̀ padà. Ohun tí àwọn tó ń fẹ́ tà kíákíá máa ń ṣe ni kí wọ́n fín ọ́ìlì tuntun sí i. Ó máa ń yá lójú ẹsẹ̀! Lẹ́tà á máa fò bíi tuntun, ẹ máa sanwó, ẹ máa gbé e lọlé, kò ní pẹ́ tí eruku Èkó á fi bá ọ́ìlì tuntun yẹn, ó tún ti le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ripẹ́rà gidi kì í da ọ́ìlì síbẹ̀ rárá, búrọ́ọ̀ṣì àti white spirit tí àwọn apẹ́ǹtì ń lò ló fi ń fọ̀ ọ́, á fọ̀ ọ́ ní àfọ̀túnfọ̀, á jẹ́ kó gbẹ, á sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní gbígbẹ. Kẹrosíìnì ń fọ ìdọ̀tí náà kúrò lóòótọ́, àmọ́ ó ń fi ọ̀rá díẹ̀ sílẹ̀ sẹ́yìn. Tíńnà ò dáa, ó ń jẹ ọ̀dà, ó ń jẹ bọ́tìnì oníke. Torí náà ẹ ṣí ìdérí òkè, ẹ fi imú gbọ́ ọ, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì fóònù wo ojú òòyà irin yẹn. Tó bá ń dán fún ọ́ìlì, tó tún ń rùn, ẹ dúná-dúrà bí ẹni tó ń ra èyí tí wọn ò tíì tún ṣe.

Ẹ tún wo súkúrúù. Tí ọ̀dà tuntun bá wọ inú ojú súkúrúù, ẹni tó kùn ún ò tú u kó tó kùn ún nìyẹn, inú ẹ̀ wà bó ṣe wà. Tí orí súkúrúù bá ti fá gbogbo ẹ̀, ẹnì kan ti fi irinṣẹ́ tí kò bá a mu jà á. Ọ̀dà àkọ́kọ́ tó ti ṣá díẹ̀ sàn ju ọ̀dà tuntun tó bo ìpẹtà mọ́lẹ̀ lọ, afẹ́fẹ́ ọ̀sà wa yìí kì í jẹ́ kí irin sinmi.

Rólà ńkọ́? Rọ́bà ni wọ́n fi bò ó, rọ́bà sì máa ń le bí ọdún ṣe ń gorí ọdún. Ẹ fi èékánná àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, kó gba èékánná díẹ̀ kó sì padà sípò. Tó bá le bí egungun, ariwo ẹ̀ á pọ̀, pépà á máa yọ̀, àmì ìdánudúró àti lẹ́tà "o" á sì máa lu pépà jáde sẹ́yìn. Ìyẹn ò ní kẹ́ ẹ má rà á o, pépà kejì tí ẹ bá fi tì í lẹ́yìn máa ń mú un rọ̀ díẹ̀, àmọ́ owó gbọ́dọ̀ wálẹ̀. Àwọn onítẹ̀wé Ṣómólú mọ̀ nípa rọ́bà rólà, ẹ̀rọ tiwọn náà ń lò ó, ẹ lè bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ti ń fi rọ́bà tuntun bo tiwọn.

Bọ́tìnì ń sọ ibi tí ẹ̀rọ ti wá. Tí £ bá wà lórí ẹ̀, àwọn tó ń ná pọ́n-ùn ni wọ́n ṣe é fún, pọ́n-ùn náà làwa ń ná títí náírà fi dé lọ́dún 1973. Àmì náírà ò sí lórí wọn, ẹ tẹ N, ẹ padà sẹ́yìn ẹsẹ̀ kan, ẹ wá tẹ = lé e lórí, ₦ ti jáde. Tí ẹ ò bá rí bọ́tìnì 1, ẹ má rò pé ó sọnù, lẹ́tà l kékeré ni wọ́n ń lò fún un lórí ọ̀pọ̀ wọn.

Fún ẹni tó fẹ́ fi kọ Yorùbá, ibí ni kó ti ronú dáadáa kó tó sanwó. Ẹ, ọ, ṣ ò sí lórí bọ́tìnì Gẹ̀ẹ́sì. Èyí tó yá jù ni kẹ́ ẹ tẹ e, kẹ́ ẹ padà sẹ́yìn, kẹ́ ẹ tẹ ìlà ìsàlẹ̀, ìlà á dúró dípò àmì tó yẹ kó wà lábẹ́ ẹ̀. Àmì ohùn òkè, ẹ lè fi àmì tó wà nínú "don't" ṣe é, ojú gbà á díẹ̀. Ti ohùn ìsàlẹ̀ ni ò sí, báírò lọ̀pọ̀ èèyàn fi ń fà á sí i lẹ́yìn tí wọ́n bá tẹ̀wé tán. Èyí tí wọ́n ṣe fún Faransé, tó ṣeé ṣe kó gba ọ̀nà Kútọnu wọlé, ní é, è àti à tó ti wà fúnra wọn, àmọ́ lẹ́tà ẹ̀ ò tò bíi ti Gẹ̀ẹ́sì, A ló wà níbi tí Q yẹ kó wà, ìka tó ti mọ́ra á ṣì í lọ́pọ̀ ìgbà. Síbẹ̀, ẹni tí Yorùbá jẹ ẹ́ lógún lè rí i pé ó tọ́ sí i.

Ríbọ̀n ò le láti rí, èyí tó fẹ̀ tó ìdajì íǹṣì ló bá èyí tó pọ̀ jù nínú wọn mu. Ohun tó le ni kẹ̀kẹ́ kékeré méjì tí wọ́n ká a sí, torí ti ẹ̀rọ kan lè má wọ òmíràn. Tí ríbọ̀n bá gbó, ẹ ju ríbọ̀n nù, ẹ má ju kẹ̀kẹ́ nù, ẹ ká tuntun sórí ẹ̀.

L'Ékòó, àwọn tó ń tẹ afidáfíìtì lábẹ́ agboòrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kóòtù àti ọ́fíìsì ìjọba ló ṣì mọ ripẹ́rà tó kù, ẹ bi wọ́n ní pẹ̀lẹ́, kẹ́ ẹ kí wọn dáadáa kẹ́ ẹ tó bi wọ́n. Tó bá jẹ́ òkè òkun lẹ ti ń rà á, ẹ ní kí wọ́n ti kárééjì pa, kí wọ́n wé ẹ̀rọ náà lọ́tọ̀, kí wọ́n fi páálí sínú páálí, torí kárééjì tó bá ń lọ tó ń bọ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi máa ń fọ́ ara ẹ̀ ni. Bákan náà ni tẹ́ ẹ bá ń gbé e láti Ìdúmọ̀tà lọ sí Yábàá: irin kékeré tó ń ti kárééjì máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ lórí ọ̀pọ̀ wọn, ẹ wá a, ẹ tì í, ẹ ti àpótí, kẹ́ ẹ sì gbé e lé itan nínú dánfó, ẹ má jẹ́ kí kọ̀ńdọ́ gbé e sí búùtù.